Ẹni Tó Sún Mọ́ Ìyá Rẹ Jù Lọ

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi obìnrin,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lówùúrọ̀, káàárọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀sán ni, káàsán. Bó bá sì jẹ́ ibi iṣẹ́ ló ti bá ọ, kú iṣẹ́, kí o tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ fáìlì kí o tó kà á, torí ọ̀rọ̀ ilé ẹni kì í ṣe ohun tí ọ̀gá ẹni ń bá ni yọjú wò. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le bó ti yẹ kí ara ọmọ mi le? Ṣé ilé tí o háyà yẹn kò jò mọ́? Ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà fún ọ pé ògiri rẹ kò ní lanu, aláǹgbá kò sì ní ríbi wọ̀ ọ́. Má tíì ṣe Àmín. Fi Àmín náà sẹ́nu ná. Màá sọ ìgbà tí wàá ṣe é tí a bá dé ìsàlẹ̀ ìwé.

Èmi bàbá rẹ ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí, mi ò bẹ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ka mẹ́wàá ń bẹ tí wọ́n ń pè mí ní sà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra búlọ́ọ̀kù. O lè máa wí pé kí ló dé tí Bàbá ò fi pè mí lórí fóònù ńlá tí mo rà fún un. Fóònù yẹn ò mọ àgbà. Láàárọ̀ àná ó ní kí n fojú hàn kí òun tó ṣí, mo gbé ojú síwájú rẹ̀, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i, ó ní òun ò mọ̀ mí. Èmi! Èmi tí ewúrẹ́ àdúgbò ń yà fún lọ́nà! Mo bá sọ ọ́ sápò kó lọ ronú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, mi ò lè sọ ọ́ sókè nínú wọ́ọ̀dù, torí ẹnì kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin tí mi ò fẹ́ kó gbọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni bẹ́ẹ̀dì kẹrin ti ṣófo láti ọjọ́ Ajé. Fara balẹ̀, jẹ́ kí n tò ó láti ìpìlẹ̀, kí o má baà sọ pé orí bàbá rẹ ti yí.

Ilé wà níbi tí a fi í sí. Àbúrò rẹ ló ń bójú tó ọgbà búlọ́ọ̀kù, yanrìn rẹ̀ ti ń pọ̀ ju sìmẹ́ǹtì lọ, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá fi yanrìn tan oníbàárà, òjò àkọ́rọ̀ ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Ológbò ìyá rẹ kì í wọlé mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó, ó ń wo títì.

Bí o ti mọ̀, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ìyá rẹ ti wà ní ọsibítù nítorí kókó inú ọmú rẹ̀. Oògùn pupa kan ni wọ́n ń fà sí i lára látinú ọ̀rá. Dókítà ní oògùn náà le, ó ní bó ti ń lu kókó yẹn náà ló ń lu awọ ẹnu, torí kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ará ilé. Òótọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ kẹfà, ẹnu ìyá rẹ dà bí ògiri tí pílásítà ti ń ṣí. Egbò funfun lórí ahọ́n, egbò lábẹ́ ètè, egbò títí dé ọ̀nà ọ̀fun. Omi tútù lásán, bó bá fẹ́ gbé e mì, omijé á kọ́kọ́ jáde. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, á gbé ọwọ́ láyà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, á mi orí. Obìnrin tí ń fi ohùn lé ẹyẹ lórí aṣọ tó sá!

Àwọn márùn-ún ni wọ́n wà ní wọ́ọ̀dù yẹn, gbogbo wọn ló ń gba oògùn pupa, ẹnu gbogbo wọn ló ti bó. N ò tíì rí irú ibẹ̀ rí. Obìnrin márùn-ún nínú yàrá kan, kò sí ìró kankan. Wọ́ọ̀dù náà dákẹ́ bí ilé tí a kọ́ tán tí onílé kò tíì kó wọ̀. Bí mo bá wúkọ́, ikọ́ mi á lọ kan ògiri òdìkejì, á padà wá bá mi.

Ibẹ̀ la wà tí nọ́ọ̀sì kan fi dé, èyí tó máa ń wo ènìyàn lókè gíláàsì ojú rẹ̀. Ó gbé ife kan dání, ó da ìyẹ̀fun funfun sínú omi, ó rò ó, ó wá yíjú sí mi, ó ní amínò. Mo ṣí fìlà. Mo ní Àmín o, àṣẹ, Ọlọ́run á gbọ́ tiwa. Inú mi dùn pé ọmọ ìsinsìnyí ṣì ń gbàdúrà kó tó fún aláìsàn ní nǹkan. Ó tún un sọ, ó ní, rárá o, Bàbá, amínò asíìdì ni mo wí. Ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Asíìdì! Èyí tó wà nínú bátìrì mọ́tò, tó jẹ ṣòkòtò aláwọ̀ búlúù mi lọ́jọ́sí títí ó fi di àwọ̀n! Èyí ni wọ́n fẹ́ dà sẹ́nu tó ti bó? Mo gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó pe ọ̀gá rẹ̀, mo ní kó pe ọ̀gá ọ̀gá rẹ̀, mo ní èmi tí mo fi búlọ́ọ̀kù mi mọ ògiri ọsibítù yìí, mo lè wó o lulẹ̀ lónìí.

Nọ́ọ̀sì yẹn kò bínú. Ó jókòó tì mí, ó ní Bàbá, ẹ gbọ́, ti inú bátìrì kọ́. Oúnjẹ ni. Ó ní ó wà nínú ẹyin, ó wà nínú ẹran, ó wà nínú ẹ̀wà, pé bí ènìyàn bá jẹ wọ́n, inú á tú wọn sí wẹ́wẹ́, ara á sì máa to wẹ́wẹ́ yẹn léra wọn bí búlọ́ọ̀kù, òun ló fi ń tún ibi tó bá wó mọ. Ó ní nígbà tí oúnjẹ kò ti lè gba ẹnu ìyá kọjá, kí a kúkú fún wọn ní búlọ́ọ̀kù náà ní lílọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà o, ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, kò ṣe nǹkankan fún àwọn mìíràn.

Búlọ́ọ̀kù! Ọmọ mi, ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù? Èmi tí mo fi mọ́ọ̀dù onígi kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, tí n kò ní ju ṣọ́bìrì tí mo yá lọ, tí mo wá dẹni tí ìdajì ilé àdúgbò dúró lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀? Mo dá ife padà fún un. Mo ní kó fi ìfọwọ́sọ̀yà sílẹ̀ fún mi, èmi á sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gba iṣẹ́ náà ṣe. Orúkọ tí mo sì ń pe ìyẹ̀fun yẹn ni Àmín-ò, èmi ò mọ asíìdì kankan.

Ṣé o rí i, búlọ́ọ̀kù tútù, ọ̀nà mẹ́rin ló ń gbà bàjẹ́: kí oòrùn jó o, kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, kí ẹ̀gbin wà nínú yanrìn rẹ̀, àti kí ẹni tó mọ ọ́n gbàgbé láti bu omi wọ́n ọn. Mo sọ èyí fún dókítà. Ó wò mí títí, ó ní òun gan-an kì bá tí lè sọ ọ́ dáa tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kò sóhun gbígbóná, kò sí ata, kò sí búrọ́ọ̀ṣì líle, kìkì èyí tó rọ̀ bí irun ọmọ ọwọ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi ń fọ ẹnu náà ná, lẹ́yìn ìyẹn ni Àmín-ò á kàn, ìgbà mẹ́rin lóòjọ́. Wọn kì í kàn gbé e mì o. Wọ́n á gbé e sẹ́nu, wọ́n á máa yí i ká fún odindi ìṣẹ́jú méjì kó lè dé gbogbo igun ilé, kó tó wá gba ọ̀fun lọ.

Nígbà tí èyí tí ọsibítù ní tán fún ọjọ́ méjì, èmi fúnra mi ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti ra tiwa. Agolo ńlá ni wọ́n gbé fún mi, àwòrán ọkùnrin kan wà lára rẹ̀, ìhòòhò ni àyà rẹ̀, apá rẹ̀ tóbi bí òpó ilé alájà. Mo ní ẹ wo bí ẹnu ìyá ọmọ mi yóò ti rí! Mo tọ́ ṣíbí kan wò kí n tó délé, mo gbé búlọ́ọ̀kù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn mi sì ń dùn mí títí di òní. Nọ́ọ̀sì ka ara agolo náà látòkè délẹ̀, ó ní kí n dá a padà, pé tàwọn tó ń gbé irin ni, wọ́n ti po oríṣiríṣi nǹkan mọ́ ọn. Ó ní kì í ṣe gbogbo agolo ni kí n máa gbà. Mo dá a padà. Àwòrán yẹn ń dùn mí ṣáá.

Ó tó àkókò kí n sọ ti ẹni bẹ́ẹ̀dì kẹrin fún ọ.

Ìyá Aránṣọ ni à ń pè é. Òun ló ti pẹ́ jù ní wọ́ọ̀dù yẹn, kò sì sẹ́nì kankan tó ń wá wò ó. Ogójì ọdún ló fi tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Fìlà irin kékeré tí àwọn aránṣọ máa ń dé sórí ìka kí abẹ́rẹ́ má baà gún wọn, kì í ṣí i, àní bó bá ń sùn. Aago tó wà lára ògiri ti kú, nítorí náà òun ló di aago. Bí nọ́ọ̀sì bá ti pín ife tán, á na ìka yẹn, á máa fi fìlà irin náà kan irin bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kó, kó, kó, ọgọ́fà géérégé, ìyẹn ìṣẹ́jú méjì. Títí ọgọ́fà á fi pé, obìnrin márùn-ún á wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n á máa yí omi kiri ẹnu, wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Bó bá ti dákẹ́, gbogbo wọn á gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kà á pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ mẹ́rin, kò ṣì í rí, kò lé, kò dín. Mo ní obìnrin yìí ì bá dára ní ọgbà búlọ́ọ̀kù mi.

Ọjọ́ kejì tí a dé ibẹ̀ ni obìnrin tó ń tọ́jú fáìlì mú fọ́ọ̀mù wá sí wọ́ọ̀dù. Ìyá rẹ ń sùn, nítorí náà ó ń ka ìbéèrè, èmi ń dáhùn. Orúkọ aláìsàn, ọjọ́ orí aláìsàn, gbogbo rẹ̀ ni mo dáhùn bí omi. Ó wá bi mí pé ta ni ẹni tó sún mọ́ aláìsàn jù lọ. Ọmọ mi, o mọ̀ pé tépù irin mi kì í kúrò lápò mi. Mo fà á yọ. Láti etí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ dé etí bẹ́ẹ̀dì Ìyá Aránṣọ, ẹsẹ̀ bàtà méjì. Láti bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ dé àga tèmi, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ààbọ̀, torí nọ́ọ̀sì ò gbà kí àga sún mọ́ ibi tí ọ̀rá oògùn kọ́ sí. Ìwọ ńkọ́? Ìrìn odindi ọjọ́ kan nínú mọ́tò, láìka ibi tí táyà ti máa ń jò. Mi ò lè purọ́ fún ìjọba. Mo ní Ìyá Aránṣọ ni. Obìnrin náà gbójú sókè, ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ọgbọ̀n ọdún lé ni mo ti ń wọn nǹkan, kò tíì sí ilé tó wọ́. Ó wá wo orúkọ lára páálí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó kọ ọ́. Ó tún bi mí, ó ní ta ni yóò mú aláìsàn relé, ṣé ẹni yẹn náà ni? Mo ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni òfin wí, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀ka. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tèmi ni kò mẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ ni ọ̀ràn sì bá.

Ìyá Aránṣọ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó wò mí, ó wo ìyá rẹ, ó gbé ọwọ́ láyà. Omi wà lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi nígbà tó yá pé àyè tí ó yẹ kí orúkọ ẹni tirẹ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, òfìfo ni, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sí ìwé tirẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì ó fa tépù aláṣọ rẹ̀ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó wọn ìyá rẹ láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀, ó wọn apá méjèèjì. Ó mú aṣọ funfun kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rán an. Mo bi í pé kí ni. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sára páálí: aṣọ tí yóò wọ̀ relé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jọ relé ní àlàáfíà. Èmi ni mo fi ẹnu mi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dé, wọ́n ti ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Mo bi nọ́ọ̀sì pé Ìyá Aránṣọ dà. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní Bàbá, ìyá ti relé.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí omi tútù. O mọ ọ̀rọ̀ náà. Ilé kan wà tí à ń gbé, ilé kan sì wà tí ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kì í wálé mọ́, orúkọ kan náà la sì ń pe méjèèjì. Kò sẹ́ni tó wá kó ẹrù rẹ̀. Fìlà irin rẹ̀, nọ́ọ̀sì gbé e lé àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Aṣọ funfun yẹn, ó ti rán an tán, ó ku apá kan, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára apá náà. Wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ, wọ́n ní òun ló ni ín.

Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà, oòrùn tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wọ́ọ̀dù bí aṣọ tí a sá, nọ́ọ̀sì pín ife, ó jáde. Mo ní kò sẹ́ni tó máa kà á lónìí, jẹ́ kí èmi máa kà á. Kí n tó lanu, mo gbọ́ ọ. Kó. Kó. Kó. Mo wo àpótí yẹn, fìlà irin jókòó síbẹ̀, kò mira. Mo wo obìnrin mẹ́rin tó kù, wọ́n ti wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n ń yí i, kò sẹ́ni tó yíjú, bí ẹni pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nígbà tó dákẹ́, wọ́n gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sáré lọ pe nọ́ọ̀sì. Ó ní páìpù omi ló ń dún nínú ògiri. Ọmọ mi, ògiri wo? Búlọ́ọ̀kù mi ló wà nínú ògiri yẹn! Mo fi ìka kàn án látòkè délẹ̀, ó ń dún gan-in gan-in bí búlọ́ọ̀kù tó mumi dáadáa, kò sí ihò, kò sí páìpù níbẹ̀. Àní kó tilẹ̀ wà, páìpù wo ló mọ ọgọ́fà? Torí mo kà á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo kà á lọ́jọ́rú. Ọgọ́fà. Kò lé, kò dín.

Ǹ bá má bẹ̀rù, torí iṣẹ́ rere ló ń ṣe. Ẹnu ìyá rẹ ń jiná. Láti ọjọ́rú ni egbò abẹ́ ètè ti ń pa dé, ahọ́n rẹ̀ ti ń padà di pupa, ó mu ọbẹ̀ olómi lọ́jọ́bọ̀, ó jẹ búrẹ́dì rírẹ nínú mílíìkì lánàá. Dókítà ní òun ò rò pé yóò yá tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ yangàn, ẹnu mi ti là tán, ni mo wá rí apá aṣọ yẹn.

Ó ti gùn sí i.

Mo fi tépù wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ Ajé, ibi tí abẹ́rẹ́ wà sí etí aṣọ, íǹṣì mẹ́sàn-án ló kù. Lọ́jọ́rú, mẹ́fà. Lánàá, mẹ́ta. Rírán náà kúnná, ó tò léra, ọwọ́ kan náà ni. Mo bi ìyá rẹ pé ṣé òun ló ń rán an bí n kò bá sí níbẹ̀. Ó mi orí. Mo ní ta ni? Ó na ìka sí bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Kò bẹ̀rù rárá, bí ìgbà tó ń na ìka sí ẹnìkejì rẹ̀ lójà. Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi. Bí ẹnu ìyá rẹ ti ń jiná ni apá aṣọ ń gùn, torí ọjọ́ tí ẹnu bá jiná ni dókítà yóò ní kó máa relé, kó lọ sinmi kí oògùn pupa kejì tó kàn. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ó dá. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á ṣí fáìlì, wọ́n á pe orúkọ ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ, ẹni tí yóò mú un relé. Èmi ni mo sì tẹ̀ka sí i.

Ìgbà tí mo dé yàrá fáìlì, mo ń làágùn. Mo ní kí obìnrin náà pa orúkọ yẹn rẹ́. Ó ní kò ṣe é ṣe báyìí, fọ́ọ̀mù náà ti wọnú kọ̀ǹpútà. Mo ní kó ṣílẹ̀kùn kọ̀ǹpútà fún un kó jáde. Ó ní Bàbá, ẹ mú káàdì yín wá. Mo mú un wá, mo sì sọ ọdún tí a ṣe ìgbéyàwó àti ọdún tí a bí ọ fún un. Ó wò ó, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ pé kó wá wò ó, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú. Ó ní káàdì yìí ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n bí ọmọ yín ni wọ́n bí ẹ̀yin. Mo ní àṣìṣe àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní bó ti wù kó rí, kọ̀ǹpútà ò ní gba ẹni tí a kò tíì bí nígbà ìgbéyàwó pé òun ni ọkọ. Ó ní ọmọ tó ti tójúúbọ́, tí káàdì rẹ̀ pé, kó wá fúnra rẹ̀, kó fọwọ́ sí i lójú òun, orúkọ tirẹ̀ á bo orúkọ ti àkọ́kọ́. Àbúrò rẹ kò ní káàdì, o mọ̀ ọ́n, láti ọdún méjì ló ti ní òun ń bọ̀ wá gbà á.

Bó ti rí nìyẹn títí di ọ̀sán òní, ọjọ́ Àbámẹ́ta. Aago méjì pé, nọ́ọ̀sì pín Àmín-ò, kó kó kó bẹ̀rẹ̀. Èmi dúró ti aṣọ yẹn, mo di etí rẹ̀ mú, mo ní kí n rí abẹ́rẹ́ tó máa gún un lójú mi. Ìyá rẹ yí Àmín-ò lẹ́nu, ó yí i, ó gbé e mì. Ó wá nu ètè. Ó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì kẹrin, ó la ẹnu tí kò là fún ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́tàlá, ó sì sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ni, ọmọ mi, èyí tó fi ń lé ẹyẹ, ó kàn rẹlẹ̀ díẹ̀. Ó ní, Ìyá Aránṣọ, ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ẹ má rán apá yẹn mọ́. Ọmọ mi ń bọ̀ wá mú mi relé.

Kó kó kó dúró. Ogójì péré ló kà. Àwọn obìnrin mẹ́ta tó kù gbé omi sẹ́nu, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n gbé e mì tàbí kí wọ́n dúró. Fìlà irin náà yí lórí àpótí, ó yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dúró. Mo wọn apá aṣọ. Íǹṣì méjì ló kù, abẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀, fífà ni òwú rẹ̀ fà, bí ìgbà tí ẹnì kan dì í mú tó ń fetí sílẹ̀.

Kò tíì lọ o, ọmọ mi. Mo mọ aránṣọ, mo mọ oníṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ti bá a sọ ọ̀rọ̀, ó gbọ́, ó dúró láti rí i bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Èmi alára, bí oníbàárà bá ní òun ń bọ̀ wá kó búlọ́ọ̀kù òun, mo máa ń dúró títí di ọjọ́ tó dá. Bí kò bá dé, màá gbé e fún ẹlòmíràn.

Awakọ̀ tó ń kó sìmẹ́ǹtì wá fún mi ló mú ìwé yìí bọ̀, ọjọ́rú ló ń padà wá sọ́dọ̀ wa. Bá a wá. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, iwájú ni wàá jókòó sí. Mi ò béèrè aṣọ, mi ò béèrè bàtà, mi ò ní kí o pààrọ̀ fóònù yìí fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwà rẹ̀ kò dáa. Bí o bá lè yọ díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ, fi ra ọ̀rá Àmín-ò mẹ́fà, èyí tí nọ́ọ̀sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kékeré tí mo ká mọ́ èyí, kì í ṣe èyí tó ní àwòrán ọkùnrin onígbèéraga yẹn. Fi ọ̀kan kún un fún àwọn mẹ́ta tó kù ní wọ́ọ̀dù, wọn ò ní ẹni tó ń kà á fún wọn mọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mú káàdì rẹ wá. Wò ó dáadáa kí o tó kúrò nílé, kí ó má lọ jẹ́ pé ìwọ náà kéré sí ara rẹ.

Mo ti gbé tépù mi dání. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì, ó sì ti gbà, pé ọjọ́ tí o bá dé, a ó gbé àga rẹ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ títí igi àga á fi kan irin. Èmi fúnra mi ni màá wọ̀n ọ́n. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù yẹn, èyí tí a rí àti èyí tí a kò rí, wo tépù náà, kí wọ́n rí i pé kò sí nǹkankan láàárín yín.

Ọlọ́run tó mọ ẹnu kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ yóò sin ọ́ wá. Mọ́tò tí o bá wọ̀ kò ní dúró níbi tí kò sílé. Ọwọ́ tí o fi ń kọ̀wé kò ní kọ orúkọ rẹ síbi tí kò yẹ, bí ọwọ́ bàbá rẹ ti ṣe. Ẹnu rẹ kò ní bó, ohùn rẹ kò ní kó jáde nílé rẹ, ilé tí à ń wọ̀ tí a sì ń padà jáde ni wàá máa mú ìyá rẹ lọ.

Ó tó àkókò Àmín náà wàyí. Ṣùgbọ́n má ṣe é síbẹ̀. Ìyá rẹ fẹ́ gbọ́ ọ, ẹnì kan sì tún ń fetí sílẹ̀. Dì í mọ́ ẹnu, kí o wá ṣe é níbí kí ọjọ́ Ẹtì tó mọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, Alágbà Oníbúlọ́ọ̀kù, ẹni tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ààbọ̀.